Ẹni Tó Ń Ti Ọkọ̀ Ló Ń Rí Táyà

Ìgándò,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Délé ọmọ mi, Àkànbí ọkọ mi,

Jọ̀wọ́, fi orí jì mí pé mo gbójúgbóyà láti kọ ìwé sí ọ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa sọ tí wọ́n bá gbọ́. Obìnrin tí kò di sítíárín mú rí, kí ló kàn án pẹ̀lú táyà? Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń pa á rẹ́. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, o sì mọ̀ pé àárín àwọn ọmọ tí mo lè bí ni mo ń jókòó sí. Ọkàn mi kì í balẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ nǹkan, lẹ́kíṣọ́rà wa á fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Mà, kí lẹ fẹ́ sọ gan-an?" Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ọ́ gan-an kí ẹ̀rù tó tún bà mí: má ṣe gbé Mojí gba inú àbàtà ọ̀nà ilé-ìwé yín kọjá nínú Píjò bàbá rẹ bó ṣe wà yìí.

Mo ti sọ ọ́. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bínú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí bàbá rẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé ọ lọ́wọ́, inú mi dùn. Iṣẹ́ tuntun, ìyàwó, oyún, ilé àwọn olùkọ́ tí wọ́n fún yín lẹ́yìn Àgbàdo, kí ni mo tún ń tọrọ? Mo ṣe àmín sí gbogbo àdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdúrà parí, mo dúró pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, mo sì gbọ́ ìmọ̀ràn tí bàbá rẹ gbà ọ́. Wọ́n ní, "Fẹ́ táyà náà kó le bí òkúta. Tí o bá dé ibi ẹrẹ̀, tẹ iná mọ́lẹ̀. Má wẹ̀yìn. Ọkọ̀ yìí ti gbé mi dé ibi tí ẹsẹ̀ ò dé." Ìwọ náà dọ̀bálẹ̀, o ní, "Ẹ ṣé, sà."  Mo gbé omi padà sínú ilé. Láti ọjọ́ náà, tí òjò bá ti ṣú, àyà mi á máa já.

Ṣé o rántí bí àbàtà yẹn ṣe rí nígbà tí gbogbo wa jọ lọ wo ilé náà? Ó gbẹ. Ipa táyà méjì péré la rí nínú rẹ̀, ìwọ àti Mojí sì ń bá ara yín ṣeré níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rí i pé ilé ìgbẹ̀bí wà lápá ọ̀hún, ilé yín á sì wà lápá ìhín, àbàtà ló wà láàárín. Òjò ti wá dé báyìí, oyún Mojí sì ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lẹ fẹ́ kó lọ. Ohun tó ń lé oorun lójú mi nìyẹn.

O lè bi mí pé níbo ni mo ti mọ ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ìgándò, ọ̀nà inú àdúgbò wa kì í ṣe ọ̀nà, ipa màlúù ni. Bàbá rẹ á wà nídìí sítíárín, èmi á wà lẹ́yìn, màá ká ìró mi sókè, màá máa tì. Ẹrẹ̀ á ta sí mi lójú, á ta sí mi lẹ́nu. Ẹni tó ń wakọ̀, iwájú ló ń wò. Ẹni tó ń ti ọkọ̀ ló ń rí táyà. Mo ti rí ohun tí táyà ń ṣe nínú ẹrẹ̀ ju bí bàbá rẹ ṣe rí i lọ, n kò kàn láyà láti sọ ọ́ fún wọn ni.

Èkíní, táyà náà. Nínú Píjò yẹn, táyà méjì tó wà lẹ́yìn nìkan ló ń mú ọkọ̀ rìn. Méjì iwájú kàn ń tẹ̀lé e ni, bí ọmọ ẹ̀yìn ọlọ́rọ̀. Tí ti ẹ̀yìn bá dán, ọkọ̀ ò lẹ́sẹ̀ mọ́. Mo wò wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn: wọ́n dán bí abọ́ tánganran. Má ra mẹ́rin, owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ kò tíì wọlé. Wá méjì péré tó jẹ́ tòkunbọ̀, tí eyín rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, kí o fi sí ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ pé kí táyà le bí òkúta, orí títì ló ti dára. Nínú ẹrẹ̀, táyà tó le á gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ ni, á sì wọ inú rẹ̀. Tí o bá dé etí àbàtà, tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, títí ikùn táyà á fi yọ bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ìgbà náà ni á tẹ́ ara rẹ̀ sórí ẹrẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú. Tí o bá ti kọjá, rọra wà á, má sáré, kí o sì fẹ́ ẹ padà kí o tó bọ́ sórí títì. Nítorí náà ra páǹpù ẹlẹ́sẹ̀, kí o má ṣe gbójú lé fọkanáísà kankan. Mi ò rí ẹyọ kan ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

Èkejì, ikùn ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ikùn rẹ̀ ló ń jókòó sórí òkìtì tó wà láàárín ipa méjèèjì, tí táyà á wá máa yí lásán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí a ṣe jáde ní kíláàsì, mo lọ bá Bàbá Ràṣídì, mẹkáníìkì ará Ìbàdàn tó wà ní Ìdímù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ mi bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ga sókè díẹ̀, kí lẹ máa ṣe sí i?"

Ó gbé orí sókè láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Haà, Ìyá Délé! Ṣé mẹkáníìkì ni wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé yẹn ni? Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa o!" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo rántí ikùn Mojí, mo dúró.

Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Màá fi igi há a lábẹ́ sípíríìnì. Á ga bíi ti ọ̀gá sójà."

"Tí igi yẹn bá yọ nínú ẹrẹ̀ ńkọ́?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Tó bá yọ, á yọ náà ni, jàre."

"Ìyàwó ọmọ mi tó lóyún ló máa wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà kan, ó ronú, ó ní, "Ó dáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi há a o, títí kan èmi náà. Ẹ wá sípíríìnì ẹ̀yìn ti Píjò gígùn tó ń kó èrò. Ó le ju ti kékeré lọ, àlòkù rẹ̀ sì wà." Mo béèrè nípa abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibi tí ọ́ọ̀lì ń gbé, nítorí mo ti rí ọkọ̀ tí òkúta dá ibẹ̀ lu, tí ọ́ọ̀lì dà sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ó ní kí wẹ́dà gé irin àgbá tó nípọn, kí wọ́n fi bóòtì dè é sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má jó o pọ̀, kó ṣeé tú tí o bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ọ̀lì. Kí wọ́n sì fi wáyà so sàlẹ́ńsà sókè dáadáa, ó ti rọ̀ wálẹ̀ jù. Tí owó ò bá tó, fi ọ̀rọ̀ sípíríìnì sílẹ̀ ná. Irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Dín ẹrù kù, ọkọ̀ á ga fúnra rẹ̀.

Ẹrù wá ni ẹ̀kẹta, àbí ó yẹ kí n pè é ní èkejì ààbọ̀, mi ò mọ̀. Ẹrù yòókù ni kí o dín kù, ṣùgbọ́n fi àpò yanrìn méjì sínú búùtù, kí ó tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́ kàn ń jó lórí ẹrẹ̀ ni. Tí o bá rì, tú yanrìn náà síwájú táyà. Yanrìn kì í wọ́n, odò ń fi tọrẹ. Fi pákó méjì sí i, àti ṣọ́bìrì, àti àdá láti fi gé imọ̀ ọ̀pẹ tí o máa tẹ́ sínú kòtò. Tí o bá fẹ́ lo jáàkì, fi pákó sábẹ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dípò kí ọkọ̀ gòkè, jáàkì ló máa wọlẹ̀ lọ. Okùn sì ńkọ́? Mo ń bọ̀ lórí okùn.

Ó yẹ kí n ti sọ èyí tó kù yìí láti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. 

O mọ ìtàn tí bàbá rẹ máa ń sọ nípa bí a ṣe bí àbúrò rẹ. "Ọmọ yìí ò ní sùúrù. Ó ní òun fẹ́ wo bí ayé ṣe rí kí a tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Abíọ́nà fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣakọ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí òun sí bíi ọmọ ọba tó ń rìnrìn àjò. Ìwọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, o ò rí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Àárọ̀ ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá rẹ, ti wá kí wa láti Ìbàdàn pẹ̀lú iṣu, iṣu náà ṣì wà nínú búùtù. Bàbá rẹ ti ní kí wọ́n fẹ́ táyà kó le. Bí a ṣe fẹ́ gbéra lọ sí Ìkọ̀tún, Ìyá Lánlọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. "Ọkọ mi, ṣé Ìkọ̀tún lọkọ̀ ń lọ? Ẹ sún mọ́ra, ẹ gbé wa dé iwájú." Ta ló máa sọ fún Ìyá Lánlọ́ọ̀dù pé kò sí àyè? Iwájú ni Bàbá Àgbà jókòó sí, nítorí iwájú ni àgbà ń jókòó sí. Wọ́n sanra, o mọ bí ìdílé bàbá rẹ ṣe máa ń sanra. Èmi wà lẹ́yìn láàárín obìnrin méjì, mo ń mí bí ewúrẹ́.

Nígbà tí a dé ibi omi tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́, bàbá rẹ tẹ iná mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ fò wọlé, ó sì dúró. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń rì, títí ikùn rẹ̀ fi jókòó. Àwa tí a wà lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Àgbà di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn wọn. Bàbá rẹ pariwo, "Rárá, sà! Ẹ jókòó, sà! Ẹ má ba aṣọ yín jẹ́, a máa tì í." Èmi náà, tí omi ti mu mí dé orúnkún pẹ̀lú ọmọ nínú, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ jókòó, sà." Délé, mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń fi hàn.

Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Kò sókùn, kò sí ṣọ́bìrì, kò sí pákó kankan. Mo rí táyà tó ń yí lójú kan, tó ń rú èéfín. Mo ní, "Bàbá Délé, ẹ má tẹ iná mọ́! Ó ń gbẹ́lẹ̀ ni!"

"Kí lo mọ̀ nínú ọkọ̀? Tì í!"

Mo tì í. Nígbà tí mo tì í lẹ́ẹ̀kejì, omi ara mi dà. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó fà mí lọ sórí koríko. Ó ń bú wọn, "Ṣé orí yín pé? Aboyún lẹ ní kó ti ọkọ̀?" Ìyá Lánlọ́ọ̀dù àti àbúrò rẹ̀ fi ìró bò mí yíká. Ọmọ náà wá kíákíá, ṣùgbọ́n kò ké. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Obìnrin náà ń fi ọwọ́ gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí.

Bàbá Àgbà ni. Wọ́n gba inú ẹrẹ̀ wá, wọ́n bọ́ agbádá wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n sì na aṣọ náà sí ẹni tó máa gbà á. "Ẹ fi wé ọmọ. Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n sọ̀ kalẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irú àgbà wo lẹ wá fi mí ṣe yìí? Ẹ̀yin ọmọ yìí, irú àgbà wo?" Ohùn wọn gbọ̀n. Inú agbádá yẹn ni Abíọ́nà ti kọ́kọ́ ké. Bí wọ́n sì ṣe kúrò nínú ọkọ̀, imú rẹ̀ gbéra sókè fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ pẹ̀lú obìnrin méjì ló tì í jáde.

A dé Ìkọ̀tún. Ìgbà tí bàbá rẹ máa kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn ò sì tíì ṣíwọ́ láti ìgbà náà. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mo rò pé ẹ̀rù ni wọ́n ń fi ẹ̀rín yẹn bò.

Nítorí náà, gbọ́ èyí ju gbogbo ọ̀rọ̀ táyà lọ. Ìyá Mojí ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ. O mọ̀ wọ́n, o mọ bí wọ́n ṣe sanra, o sì mọ̀ pé iwájú ni wọ́n máa jókòó sí. Pírínsípà yín náà á gbọ́ pé tíṣà tuntun ní ọkọ̀. Tí o bá dúró títí ẹ fi dé inú omi, ẹnu rẹ ò ní lè sọ ọ́, àní bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹnu ọ̀nà ilé ni kí o ti sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀: "Mọ́mì, tí a bá dé ibi omi, gbogbo wa la máa fẹsẹ̀ rìn ín kọjá, àfi Mojí àti èmi tí mo wà nídìí sítíárín. Mo ti fi bàtà rọ́bà yín sínú búùtù." Ra bàtà náà ní tòótọ́, kó jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí a ti gbọ́ nílé kì í di àrífín lọ́nà. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní "ẹ gbé mi dé iwájú" lọ́jọ́ tí Mojí bá ń rọbí, dọ̀bálẹ̀ fún un, bẹ̀ ẹ́, kí o sì máa lọ.

Nípa omi fúnra rẹ̀: fi ẹsẹ̀ rẹ àti igi wọn ọ́n kí táyà tó wọ̀ ọ́. Tí ó bá ti kọjá orúnkún, padà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tú bẹ́líìtì fáànù kó má máa fọ́n omi sórí ẹ́ńjìnnì, fi ọ̀rá we orí àwọn púlọ́ọ̀gì, jíà kìíní ni kí o fi wọlé, òun náà ni kí o fi jáde. Má pààrọ̀ jíà láàárín omi, má tẹ iná jù, má sì dúró. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Tí o bá jáde, dá bẹ́líìtì padà, kí o sì máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi gbẹ lára rẹ̀.

Tí o bá lè ṣe é, ọkọ mi, mú Mojí wá sọ́dọ̀ mi ní Ìgándò kí oṣù rẹ̀ tó pé, kí àbàtà má tilẹ̀ ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Màá sùn sílẹ̀, kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ilé yín ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ ọ́. Àbí mo ti sọ jù? Mi ò mọ bí ìyá ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Òtítọ́ tí mi ò sọ fún Bàbá Àgbà lójú omi lọ́jọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ìyẹn ni mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Abíọ́nà ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ ní Ìpájà, mo fi ògì lẹ̀ ẹ́ pa kó má kà á. Á ti jókòó níwájú rẹ báyìí, á máa wo ojú rẹ. Má jẹ́ kí ojú rẹ sọ nǹkan kan fún un. Orúkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn, jẹ́ kó máa dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Má sì jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ pé mo kọ̀wé. Jẹ́ kí wọ́n rò pé ìwọ fúnra rẹ lo ronú kan gbogbo rẹ̀, inú wọn á dùn sí ọ. Ya lẹ́tà náà tí o bá ti mọ̀ ọ́n sórí.

Okùn nìyẹn nínú àpò tó gbé wá. Ó nípọn, ó gùn, ó lè fa Píjò jáde nínú kòtò. So ó mọ́ egungun ọkọ̀, má so ó mọ́ bọ́ńpà. Tí Abíọ́nà bá bi ọ́ pé kí ni ẹ fẹ́ fi okùn tó tóbi tó báyìí ṣe, sọ fún un pé Mọ́mì ní kí ẹ máa fi sá aṣọ ọmọ. Mò ń gbàdúrà pé kí irọ́ yẹn di òtítọ́, kí okùn náà má ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.